Fífi Sátẹ́láìtì Ṣe Ìfojúdíwọ̀n Koríko Ẹran Ọ̀sìn

Fífi sátẹ́láìtì ṣe ìfojúdíwọ̀n koríko ẹran ọ̀sìn jẹ́ ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a ń gbà mọ iye oúnjẹ tí ó wà lórí pápá fún màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ràkúnmí, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn tẹ gbogbo ilẹ̀ náà. Ohun tí sátẹ́láìtì ń gbà sílẹ̀ kì í ṣe koríko fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewé dá padà sí òkè. Láti ara ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò bí ewé ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ dé orí ìwọ̀n koríko gbígbẹ tí hẹ́kítà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú jáde. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀, àṣìṣe tí ó lè bá a rìn, àti ohun tí ó kan Nàìjíríà àti ilẹ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìdí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì

Kò sí darandaran tí kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Kí àwọn Fúlàní tó kó agbo lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò tíì dé lọ́dún náà, wọ́n a máa rán ẹni tí ó mojú ilẹ̀ ṣáájú láti lọ wo bí koríko ti rí, ibi tí omi wà, àti bóyá àwọn àgbẹ̀ ti kórè tán. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò lè ká ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ìpínlẹ̀ kan, kò sì lè sọ ní oṣù kẹwàá bóyá koríko tí ó wà nílẹ̀ yóò tó gbogbo agbo tí ó wà lágbègbè náà títí òjò yóò fi padà.

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó wúwo jù lọ ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì, èyíinì ni ilẹ̀ tí ó wà ní ìpẹ̀kun aṣálẹ̀ Sàhárà níhà gúúsù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni òjò fi ń rọ̀ níbẹ̀. Nínú oṣù díẹ̀ yìí ni koríko ń hù, tí ó ń dàgbà, tí ó sì ń so èso. Lẹ́yìn náà, kò tún sí ewé tuntun mọ́ àfi ti orí igi, ohun tí ó gbẹ sórí ilẹ̀ ni ẹran yóò máa jẹ fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí a bá tètè mọ̀ pé koríko kò ní tó, darandaran lè ta díẹ̀ lára ẹran rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì sanra tí owó wọn sì ṣì dára. Ìjọba lè kó oúnjẹ ẹran wá sí tòsí. A sì lè ti bá àwọn ará ìlú tí agbo yóò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí a kò bá tètè mọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò kó ẹran tí ó ti rù wá sọ́jà, iye owó yóò já wálẹ̀, àwọn tí kò tà yóò sì forí lé gúúsù nígbà tí ọkà àgbẹ̀ ṣì wà lóko. Púpọ̀ nínú ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ni ó ní ọwọ́ irú àsìkò bẹ́ẹ̀ nínú.

Bí ewé ṣe ń fi ara rẹ̀ han sátẹ́láìtì

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní ọ̀wọ́ àwọ̀ púpọ̀ nínú, gẹ́gẹ́ bí òṣùmàrè ti ń fi hàn. Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń gba púpọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ pupa wọlé, nítorí pé òun ni ó fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pupa, ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí. A ó pè é ní ìtànṣán ẹ̀yìn-pupa. Ewé kò nílò èyí, bí inú ewé sì ti rí mú kí ó máa dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ewé tútù bá ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pupa tí ń padà sókè yóò ṣe kéré tó, tí ìtànṣán ẹ̀yìn-pupa yóò sì pọ̀ tó. Ilẹ̀ gbalasa kò ṣe bẹ́ẹ̀: méjèèjì ni ó ń dá padà, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì pọ̀.

Láti ara ìyàtọ̀ yìí ni a ti rí atọ́ka ewé tútù, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé mọ̀ sí NDVI. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le: a ó yọ pupa kúrò nínú ẹ̀yìn-pupa, a ó sì fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tí ó kù. Bí àpẹẹrẹ, bí pápá tútù kan bá dá ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán ẹ̀yìn-pupa padà, tí ó sì dá ìdá 5 pupa padà, 45 dín 5 jẹ́ 40. 45 àti 5 jẹ́ 50. 40 tí a fi 50 pín yóò fún wa ní 0.8. Bí ilẹ̀ gbalasa bá dá 30 àti 20 padà, 10 tí a fi 50 pín yóò fún wa ní 0.2. Ìdí tí a fi ń pín in ni pé oòrùn kì í ràn bákan náà lójoojúmọ́. Pípín yìí mú kí a lè fi àwòrán ọjọ́ kan wé ti ọjọ́ mìíràn.

Bí ìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1972 ni Amẹ́ríkà ran sátẹ́láìtì tí a wá mọ̀ sí Landsat 1 lọ sókè. Òun ni àkọ́kọ́ tí a dìídì ṣe fún wíwo ojú ilẹ̀ ayé lọ́nà tí a fi lè mọ ohun tí ń hù lórí rẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni John Rouse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas A&M University lo àwòrán rẹ̀ láti tọpasẹ̀ bí koríko ṣe ń tutù tí ó sì ń gbẹ lórí pápá ńlá àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Inú iṣẹ́ wọn ni NDVI ti jáde. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé pápá ìjẹko ni atọ́ka náà ti ṣẹ̀ wá, kí a tó máa lò ó fún igbó kìjikìji àti oko ọkà.

Landsat ń rí ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ń kọjá kí ó tó padà sí ojú ibì kan náà. Àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti NOAA, tí ó ń gbé ẹ̀rọ tí a ń pè ní AVHRR, ni ó mú ìyípadà dé. Àwòrán wọn kò mú, nítorí pé ẹyọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni ibi tí ó kéré jù tí ẹ̀rọ lè dá mọ̀ lọ́tọ̀, fẹ̀ tó kìlómítà 1.1 ní ìbú àti ní òró. Ẹyọ kan ṣoṣo lè gba hẹ́kítà tí ó lé ní 120. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wo gbogbo ayé. Fún ohun tí ó ń dàgbà tí ó sì ń gbẹ láàárín oṣù mẹ́ta, wíwò lójoojúmọ́ wúlò ju wíwò fínnífínní lọ.

Ferlo ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl

Ferlo wà ní àríwá Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn Fúlàní olówò ẹran ni wọ́n sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, igi rẹ̀ kò pọ̀, koríko ọlọ́dọọdún tí ń ti ara èso hù ni ó sì bò ó. Ibẹ̀ ni Compton Tucker ti iléeṣẹ́ NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé a lè mọ ìwọ̀n koríko láti òkè. Láti 1980 títí dé 1984, wọ́n gé koríko lórí ilẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé àpapọ̀ NDVI ìgbà òjò láti ara sátẹ́láìtì NOAA. Ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà lágbára ni pé àwọn ọdún náà kò rí bákan náà. Ọ̀dá líle 1983 àti 1984 bọ́ sí àárín wọn. Àwòrán náà fi ibi tí koríko ti pa rẹ́ hàn kedere, ohun tí òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ sọ sì bá a mu.

Iṣẹ́ yìí kò parí sínú ìwé. Ní 1986 ni a dá Centre de Suivi Écologique sílẹ̀ ní Dakar, iléeṣẹ́ náà sì ti ń ṣe àyẹ̀wò pápá ìjẹko Sẹ̀nẹ̀gàl láti ìgbà náà wá. Ní òpin ìgbà òjò, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń lọ sí àwọn ojúlé àyẹ̀wò tí wọ́n ti yàn. Wọn a rìn lórí ìlà tí ó gùn tó kìlómítà 1, wọn a gbé férémù tí ó jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti ní òró kalẹ̀ níbi púpọ̀ lórí ìlà náà, wọn a fi dòjé gé gbogbo koríko tí ó bọ́ sínú rẹ̀, wọn a sá a gbẹ, wọn a sì wọ̀n ọ́n. Wọn a tún ṣírò ewé igi, nítorí pé òun ni ewúrẹ́ àti ràkúnmí gbẹ́kẹ̀ lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n fi ń tún ohun tí sátẹ́láìtì sọ ṣe. Láìsí dòjé àti òṣùwọ̀n, atọ́ka lásán ni NDVI. Kò lè sọ kìlógíráàmù kankan.

Láti atọ́ka dé kìlógíráàmù

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ń gbà sọ atọ́ka di ìwọ̀n. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí a lò ní Ferlo: a ó to ìwọ̀n orí ilẹ̀ láti ojúlé púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó to àpapọ̀ NDVI ojúlé wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó sì wá ìlà ìṣirò tí ó so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí a bá ti rí ìlà yìí, a lè lò ó fún gbogbo ilẹ̀ tí ó jọ ibi tí a ti gé koríko. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìlà tí a fà ní Ferlo kò ní bá ilẹ̀ mìíràn mu, nítorí pé irú koríko, irú ilẹ̀ àti iye igi yàtọ̀.

Ọ̀nà kejì ti ọ̀dọ̀ John Monteith wá, onímọ̀ fíísíìsì ohun ọ̀gbìn ará Britain, tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1972. Ó ṣàlàyé pé ìwọ̀n ohun tí ọ̀gbìn ń mú jáde bá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ewé rẹ̀ gbà wọlé rìn. Sátẹ́láìtì lè sọ ìdá tí ewé gbà nínú ìmọ́lẹ̀. A mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́. A sì lè ṣírò iye gíráàmù ewé gbígbẹ tí ọ̀gbìn ń fi ìmọ́lẹ̀ náà ṣe. Ooru, omi inú ilẹ̀ àti èròjà aṣaralóore inú ilẹ̀ ni ó ń pinnu bí ọ̀gbìn ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀ náà sí. Bí a bá ṣe àròpọ̀ gbogbo ọjọ́ ìgbà òjò, a ó rí ìwọ̀n gbogbo ohun tí ó hù.

Koríko gbígbẹ ni a ń kà, kì í ṣe tútù, nítorí pé omi inú koríko ń yí padà láti àárọ̀ di alẹ́. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún eèsún ọ̀dọ́ ni ó jẹ́ omi. Ẹni tí ó gé tọ́ọ̀nù 10 eèsún tútù wálé, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2 oúnjẹ ni ó gbé wálé.

Ìṣirò tí ó wà lẹ́yìn ìpinnu

Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ olóoru ń lo ẹran àfiwé kan tí ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 250. Ẹran bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi kìlógíráàmù 6.25 koríko gbígbẹ lóòjọ́. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ 270, yóò jẹ kìlógíráàmù 1,687.5. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo koríko ni ẹran lè jẹ. Ikán ń jẹ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹran ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó sì yẹ kí díẹ̀ ṣẹ́kù láti dáàbò bo ilẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe sábà ń ka ìdá kan nínú mẹ́ta péré sí oúnjẹ ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì.

Kí a sọ pé sátẹ́láìtì sọ pé hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan mú kìlógíráàmù 1,500 jáde. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 500. Ẹran kan yóò nílò hẹ́kítà 3.375 kí ó tó la ẹ̀ẹ̀rùn já. Bí ọ̀dá bá dá tí hẹ́kítà mú 600 péré jáde, 200 ni ẹran lè jẹ, ẹran kan náà yóò sì nílò hẹ́kítà 8.4.

Ìṣirò kan náà ni ó ń fi ewu àṣìṣe hàn. Bí òótọ́ bá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ìfojúdíwọ̀n, tí ó jẹ́ pé kìlógíráàmù 1,050 ni ó wà lórí hẹ́kítà kì í ṣe 1,500, hẹ́kítà 3.375 tí a pín fún ẹran yóò ní kìlógíráàmù 1,181.25 oúnjẹ nínú. Ọjọ́ 189 ni èyí yóò tó. Ọjọ́ 81 yóò ṣẹ́ kù kí òjò tó padà, koríko kò ní sí nílẹ̀ mọ́. Fún ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìdá 30 lè jọ àṣìṣe kékeré. Fún darandaran, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta tí ẹran rẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ojúṣe ẹni tí ó bá gbé máàpù koríko jáde láti sọ bí ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ ṣe lè ga tàbí kéré sí òótọ́ tó.

Ohun tí sátẹ́láìtì kì í rí dáadáa

Èkíní ni koríko gbígbẹ. NDVI ń rí ewé tútù. Nígbà tí koríko bá ti gbẹ, ó jọ ilẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ìgbà òjò ni a fi ń díwọ̀n ohun tí ẹran yóò jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí iná ìgbẹ́ bá jó o ní oṣù kejìlá, ìwọ̀n oṣù kẹwàá kò ní mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń yọ ibi tí iná ti jó kúrò lára máàpù. Àwọn sátẹ́láìtì tí ń gbé ẹ̀rọ MODIS, Terra tí ó gòkè ní 1999 àti Aqua tí ó gòkè ní 2002, ti wúlò púpọ̀ fún èyí, nítorí pé wọ́n ń rí iná àti ewé bákan náà.

Èkejì ni irú ewé. Ohun tí ó tutù lójú sátẹ́láìtì lè má jẹ́ oúnjẹ lẹ́nu màlúù. Ní Nìjẹ̀r, *Sida cordifolia*, tí ẹran kì í fẹ́ jẹ, ti gba ibi púpọ̀ lórí pápá. Ní Kẹ́ńyà, *Prosopis juliflora*, igi ẹlẹ́gùn-ún tí a kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, dúró ní tútù nígbà tí koríko abẹ́ rẹ̀ ti kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ewé Akíntọ́lá ni ẹlẹgbẹ́ wọn: bí ó bá bo oko tí a fi sílẹ̀, NDVI yóò ga, ṣùgbọ́n ebi yóò pa màlúù tí a bá dà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bí oúnjẹ náà ṣe dára tó. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ará Netherlands àti Málì ṣe pọ̀, tí Penning de Vries àti Djitèye ṣe àkójọ rẹ̀ sí ìwé ní 1982, fi hàn pé ní àríwá Sàhẹ́lì, àìtó omi ni kì í jẹ́ kí koríko pọ̀, ṣùgbọ́n níhà gúúsù tí òjò ti pọ̀ díẹ̀, àìtó náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ ni. Koríko àríwá kéré, ṣùgbọ́n ó lóore nínú. Ti gúúsù ga, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí purotéènì koríko bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹran kì í lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́, ó sì lè máa rù lórí pápá tí koríko kún. Ìyẹn ni ó mú kí àwọn darandaran máa kó ẹran lọ sí àríwá nígbà òjò. Ọgbọ́n wọn ti mọ ohun tí NDVI nìkan kò lè sọ.

Ẹ̀kẹrin ni àwọsánmà. Bí sánmà bá ṣú, ẹ̀rọ tí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní rí ilẹ̀, ìgbà òjò tí koríko ń hù sì ni sánmà ń ṣú jù. Sátẹ́láìtì rédà, bíi Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2014, ń fi ìgbì tirẹ̀ ránṣẹ́, ó sì ń rí ilẹ̀ gba inú àwọsánmà, lọ́sàn-án àti lóru. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe tutù tó àti bí ó ṣe rí gbágungbàgun ń da ohun tí ó sọ rú, nítorí náà ìrànlọ́wọ́ ni ó jẹ́ fún ti ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe arọ́pò.

Ẹ̀karùn-ún ni koríko tí ó pọ̀ lápọ̀jù. Nígbà tí ewé bá ti bo ilẹ̀ pátápátá tí ó sì lé ara lórí, NDVI kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ga sí i mọ́, bí koríko tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìṣòro yìí kò wọ́pọ̀ ní Ferlo, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ lórí oko koríko tí a gbìn tí a sì fún ní ajílẹ̀. Sentinel-2 ní ọ̀wọ́ ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta láàárín pupa àti ẹ̀yìn-pupa tí ó ń ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ níbi tí NDVI ti dúró.

Ìdójútòfò àwọn darandaran ní Marsabit

Ibi tí ìfojúdíwọ̀n yìí ti di owó lọ́wọ́ ènìyàn ni Marsabit, ní àríwá Kẹ́ńyà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 ni ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí olú rẹ̀ wà ní Nairobi, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìdójútòfò kan tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá ka òkú màlúù. NDVI ni ó ń pinnu. Bí atọ́ka àgbègbè kan bá wálẹ̀ kọjá ibi tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, gbogbo ẹni tí ó ra ìdójútòfò ní àgbègbè náà yóò gba owó. Ọ̀dá líle ọdún 2011 ni ó mú kí wọ́n san owó náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwádìí Sarah Janzen àti Michael Carter lórí àwọn tí ó gbà á fi hàn pé àwọn ìdílé tí ó ní ẹran púpọ̀ kò ta ẹran ní ìtakútà bíi ti àwọn tí kò ní ìdójútòfò, àwọn tí ẹran wọn kò sì pọ̀ kò dín oúnjẹ wọn kù tó bẹ́ẹ̀. Ní 2012, ètò náà dé Borena ní Ethiópíà. Ní 2015, ìjọba Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń san owó ìdójútòfò fún àwọn darandaran tí kò rí jájẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iye ẹran tí ó ṣeé ṣe kí ó ti kú ni atọ́ka ń gbìyànjú láti sọ. Lẹ́yìn náà, a yí i padà kí owó lè dé nígbà tí koríko bá ń tán, kí darandaran lè fi ra oúnjẹ àti oògùn kí ẹran tó kú. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kò kúrò: atọ́ka àgbègbè kì í ṣe atọ́ka agbo ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òjò lè rọ̀ sí ìdajì àgbègbè kí ó fo ìdajì kejì. Àròpín rẹ̀ lójú sátẹ́láìtì yóò dára díẹ̀, ẹni tí ẹran rẹ̀ kú ní ìhà gbígbẹ kò sì ní gba kọ́bọ̀. Irú àṣìṣe yìí ni ó máa ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ jù, nítorí pé ẹni tí ó san owó tí kò gba nǹkan lọ́jọ́ ìpọ́njú kì í tún san án mọ́.

Nàìjíríà àti ilẹ̀ Yorùbá

Ọdún 1972 tí Landsat 1 gòkè náà ni a dá RECTAS sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní yíya àwòrán ilẹ̀ láti òkè àti lílò rẹ̀. Inú ọgbà Obafemi Awolowo University ni ó wà, AFRIGIST ni a sì ń pè é nísinsìnyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, Nàìjíríà ran NigeriaSat-1 lọ sókè. Ọ̀wọ́ ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ó ń gbà, pupa àti ẹ̀yìn-pupa sì wà nínú wọn, ẹyọ àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ mítà 32. NigeriaSat-2 tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí àwòrán rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Nàìjíríà tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí kò ní láti rìn jìnnà.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí koríko Sàhẹ́lì kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1998 fún agbo ní àǹfààní láti kọjá ẹnubodè lábẹ́ ìlànà. Bí koríko bá tètè tán ní Nìjẹ̀r, ó lè di ọ̀rọ̀ fún àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn àti ní Kétu kí ó tó kórè. Ẹ̀wẹ̀, òfin ti ń yí padà níhìn-ín. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin lòdì sí dída ẹran jẹko ní gbangba ní 2019, àwọn gómìnà ìhà gúúsù sì fohùn ṣọ̀kan lórí irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Asaba ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ẹran tí kò gbọdọ̀ rìn kiri, a gbọ́dọ̀ gbin koríko fún un. Ìbéèrè náà ti wá yí padà: kì í tún ṣe koríko mélòó ni ó hù fúnra rẹ̀, bí kò ṣe mélòó ni oko eèsún kan yóò mú jáde, àti màlúù mélòó ni ó lè bọ́.

Fún ìbéèrè yìí, sátẹ́láìtì olójú mímú ni a nílò. Ẹyọ àwòrán MODIS tí ó jẹ́ mítà 250 gba hẹ́kítà 6.25, oko koríko kékeré, ilé, igi ìrókò àti oko ẹ̀gẹ́ lè wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹyọ Sentinel-2 jẹ́ mítà 10, hẹ́kítà kan yóò sì ní ẹyọ 100. Àwọn Sentinel-2, tí àkọ́kọ́ wọn gòkè ní 2015, ń padà sí ojú ibì kan ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni àwòrán wọn, gẹ́gẹ́ bí ti Landsat ti jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2008. Ohun tí ó kù ni iṣẹ́ orí ilẹ̀. Ìlà ìṣirò Ferlo kò ní bá eèsún, bẹẹrẹ tàbí ẹ̀kan mu. Pòròpórò ọkà tí ẹran ń jẹ lẹ́yìn ìkórè pẹ̀lú nílò ìṣirò tirẹ̀, nítorí pé ó ti gbẹ kí ó tó di oúnjẹ ẹran. Ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gé koríko, kí ó sá a, kí ó wọ̀n ọ́n, lọ́dọọdún, ní ojúlé púpọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí

*Ìfojúdíwọ̀n* jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ṣẹ̀dá láti ara àpólà ìṣe "fi ojú díwọ̀n". Ó yàtọ̀ sí *wíwọ̀n*, tí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ìmọ̀ yìí, nítorí pé dòjé àti òṣùwọ̀n ń wọ̀n, sátẹ́láìtì ń fojú díwọ̀n. *Ìtànṣán ẹ̀yìn-pupa* ni ìtànṣán tí ó tẹ̀ lé pupa, tí ojú ènìyàn kò rí. *Atọ́ka ewé tútù* ni NDVI. A yan "tútù" nítorí pé òun ni ó sọ ohun tí atọ́ka náà ń rí àti ohun tí kò rí. *Ẹyọ àwòrán* ni ibi tí ó kéré jù tí ẹ̀rọ dá mọ̀ lọ́tọ̀. *Ẹran àfiwé* ni màlúù orí ìwé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 250, tí a fi ń ka agbo tí onírúurú ẹran wà nínú rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Láti Texas dé Ferlo, láti Ferlo dé Marsabit, ohun kan náà ni ìmọ̀ yìí ń ṣe: ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di kìlógíráàmù, ó sì ń sọ kìlógíráàmù di iye ọjọ́ tí ẹran yóò fi rí oúnjẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń rí ilẹ̀ gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tètè ń rí i. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kò mọ adùn ewé, kò rí koríko gbígbẹ, kò sì mọ agbo ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìfojúdíwọ̀n tí ó dára ni èyí tí a fi òṣùwọ̀n orí ilẹ̀ tún ṣe, tí a bi darandaran léèrè nípa rẹ̀, tí ó sì dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó kí koríko tó tán.